Irun, ìyẹ́ àti túùbù tí a lè fi so fláì fún omi Ìwópin

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe. Àbúrò ìyá mi tó wà ní Scotland fi ọ̀pá ìpẹja kan ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú ríìlì rẹ̀ àti fláì onítúùbù mẹ́rin. Mo ti gbé e lọ sí Ìwópin lẹ́ẹ̀mejì. Ẹja gígùn kan tí eyín rẹ̀ rí bí ayùn ti fa méjì ya, ìkẹta há sínú ewé omi, ó já lọ. Mo fẹ́ máa so tèmi fúnra mi, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń ta irun àti túùbù lókè òkun, pẹ̀lú owó ìfiránṣẹ́ lórí rẹ̀, ju agbára mi lọ. Kí ni mo lè rí níbí tí mo lè lò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìrìn Ìwópin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ìbéèrè rẹ. Mákùn-Omi ni wọ́n bí mi sí, inú ọkọ̀ bàbá mi ni mo ti mọ ẹja, ó sì ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń so fláì. Inú mi máa ń dùn gidigidi bí mo bá rí ọmọ Ìjẹ̀bú tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun tí yóò fi pẹja. Jẹ́ kí n sọ kókó rẹ̀ ṣáájú: gbogbo ohun tí o nílò wà láàárín ọjà Òkè-Àje àti ṣọ́ọ̀bù onídìrí àdúgbò rẹ, àfi ìwọ̀. Ìwọ̀ ni kí o fi owó gidi rà. Ìyókù, ojú ni kí o fi wá a, kí o sì fi abọ́ omi dán an wò kí o tó gbà á gbọ́.

Fún àwọn tó bá kà á lẹ́yìn rẹ: fláì ni ìdẹ tí a fi irun, ìyẹ́ àti òwú so kí ó lè jọ ẹja wẹ́wẹ́ tàbí kòkòrò. Èyí tó wọ́pọ̀, ara ìwọ̀ gan-an ni wọ́n ń so ó mọ́. Ti onítúùbù yàtọ̀. Ara túùbù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó nihò ni a ó so irun mọ́. A ó ki okùn gba inú ihò náà já, a ó so ìwọ̀ mọ́ orí okùn, a ó wá fa ojú ìwọ̀ wọ inú rọ́bà kékeré tó wà ní ìdí túùbù. Bí ẹja bá gbé e, ojú ìwọ̀ á yọ kúrò nínú rọ́bà, túùbù á sì yọ̀ gòkè lórí okùn, ìwọ̀ nìkan ni yóò kù lẹ́nu ẹja. Eyín ò ní máa jẹ irun rẹ mọ́. Ẹja ò sì ní rí ohun gígùn kankan tí yóò fi yí ìwọ̀ jáde lẹ́nu ara rẹ̀. Bí ìwọ̀ bá kú, o pààrọ̀ rẹ̀, fláì wà bó ṣe wà.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé mo mọ ohun tó ṣe méjì tó ya yẹn. Ẹ̀bi irun kọ́. Rọ́bà ìdí túùbù ló di ìwọ̀ mú jù, kò jẹ́ kí ó yọ. Ìwọ̀ dúró sínú túùbù, túùbù dúró sẹ́nu ẹja, ẹja ń mi orí, eyín ń gé òwú lọ. Mú èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ wò. Fi ìka méjì di ìwọ̀ mú, kí o fa túùbù sókè. Bí ó bá gba agbára kó tó yọ, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ó yẹ kí rọ́bà di ìwọ̀ mú tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní já bọ́ nígbà tí o bá ń ju okùn, ṣùgbọ́n kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀ bí ẹja bá fà á lẹ́ẹ̀kan péré.

Má sì rò pé nítorí pé ohun tí o fẹ́ lò kò ti òkèèrè wá, àfarawé lásán ni. Ní nǹkan bí ọdún 1945, ní ìlú Aberdeen ní Scotland níbẹ̀, obìnrin kan tó ń fi fláì síso ṣe iṣẹ́ ni wọ́n sọ pé ó bẹ̀rẹ̀ irú èyí, ẹja salmon sì ni wọ́n ń fi pa. Kò lo túùbù ilé ìtajà, nítorí kò tíì sí. Igi ìyẹ́ tòlótòló ló mú, ó yọ ohun inú rẹ̀ kúrò, ó so irun mọ́ ọn lára. Ẹ̀yìn náà ni túùbù tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn dókítà ń lò dé, kí àwọn oníṣòwò tó wá ń ṣe ti ike, ti alumíníọ̀mù, ti bàbà àti ti idẹ. Nítorí náà, bí o bá mú ìyẹ́ tòlótòló nílé ìyá rẹ, ibi tí nǹkan yìí ti bẹ̀rẹ̀ gan-an lo padà sí.

Omi ni kí o kọ́kọ́ wò kí o tó wo túùbù. Ọ̀sà Lẹ́kí tí Ìwópin wà létí rẹ̀ kò jìn. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ju mítà 3 lọ. Ẹja eléyín ayùn tí o sọ, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Hepsetus odoe, kì í lé ẹja kiri láàárín agbami. Ẹ̀gbẹ́ ewé ló máa ń ba sí. Á dúró jẹ́ẹ́ bí igi, á wá ta lu ẹja kékeré tó bá ń kọjá. Fláì tí ẹja yìí máa gbé kò gbọdọ̀ rì lọ sísàlẹ̀. Ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sábẹ́ omi ti tó, kí ó máa rìn díẹ̀ kí ó sì dúró. Túùbù fúyẹ́ ni o nílò níbẹ̀. Túùbù wúwo wà fún ibi tí omi ti ń sáré tàbí tó jìn, bí ẹnu odò Ọ̀ṣun lásìkò òjò. Ní ti àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún, má fi fláì da ara rẹ láàmú lórí wọn: ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, irùngbọ̀n àti òórùn ni wọ́n fi ń wá oúnjẹ. Ẹkòló ni tiwọn.

Túùbù tó rọrùn jù ni ọ̀pá yíǹkì inú bíró. Gbogbo kíláàsì rẹ kún fún un, àwọn ọmọ ń jù ú dànù lójoojúmọ́. Fi sípírítì fọ inú rẹ̀ títí tí yíǹkì á fi tán pátápátá, kí o gé e ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló nípọn tó mílímítà 3 níta. Jù ú sínú omi: bí ó bá léfòó, ó dára, ike tó fúyẹ́ ju omi lọ nìyẹn. Gbé orí rẹ̀ súnmọ́ iná láítà, má kì í bọ̀ ọ́, wàá rí i tí etí rẹ̀ á yọ́, á ká padà bí ètè. Ètè yẹn ni kò ní jẹ́ kí òwú yọ kúrò níwájú, òun náà ni kò ní jẹ́ kí etí túùbù gé okùn rẹ. Ọ̀pá ìnu-etí náà dára bí ó bá jẹ́ onike tó nihò. Ti bébà kò wúlò. Awọ wáyà iná ńkọ́? Ó máa ń rì, mo sì ń lò ó sínú túùbù onírin, ṣùgbọ́n má fi iná kàn án nínú yàrá tó pa. Èéfín rẹ̀ kò dára fún àyà ẹnikẹ́ni.

Ní ti túùbù wúwo, èrò rẹ lè lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe, nítorí wọ́n ní ọ̀pá bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tó dà bíi pé fláì ni wọ́n ṣe é fún. Èmi náà lò ó. Mo so mẹ́fà tó rẹwà, mo sì gbé wọn lọ sí ẹnu Ọ̀ṣun ní oṣù Ọ̀wàrà. Ẹja ńlá kan gbé e, ó sá lọ bí mítà mẹ́wàá, okùn sì fúyẹ́ lọ́wọ́ mi lójijì. Nígbà tí mo fa okùn wọlé, ibi tó ti já kò fà tín-ín-rín rárá. Ó gé gbọnrangandan, bí ohun tí a fi réésà gé. Etí bàbà náà ló gé e. Ihò ọ̀pá bàbà yẹn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí o kò lè ki ike kankan sí i, mo sì ti gbàgbé pé onírin kankan kò gbọdọ̀ kan okùn láìsí ike láàárín. Ó dùn mí títí di òní, nítorí ẹja náà gbé ìwọ̀ lọ lẹ́nu.

Ohun tí mo ń lò báyìí ni eríà rédíò àtijọ́, èyí tí ọ̀pá rẹ̀ ń yọ jáde látinú ara wọn. Idẹ ni púpọ̀ nínú wọn lábẹ́ ohun dídán tí wọ́n fi bò wọ́n, ìwọ̀n idẹ sì ju ìlọ́po mẹ́jọ omi lọ. Èyí tó kéré jù lórí sábà máa ń jẹ́ ọ̀pá tí kò nihò, fi í sílẹ̀. Mú èyí tó tẹ̀ lé e. Fi fáìlì gé e yípo, má fi pìláyà ṣẹ́ ẹ, yóò pẹlẹbẹ. Fi sáńpépà pa etí rẹ̀ méjèèjì títí ìka rẹ kò fi ní gbọ́ ohun mímú kankan mọ́, lẹ́yìn náà kí o wá ọ̀pá ike tó lè gba inú rẹ̀ kọjá, kí ó yọ síta ní mílímítà 2 níwájú àti lẹ́yìn, kí o fi iná yọ́ orí méjèèjì kí ó ká bo etí irin. Má so ju méjì lọ fún ìbẹ̀rẹ̀. Idẹ tó ń fò bọ̀ lórí okùn lè fọ́ ọ̀pá rẹ, ó sì lè fọ́ orí rẹ. Dé fìlà, kí o wọ awò ojú.

Wàyí o, ìyẹ́ tòlótòló. Mo fẹ́ kí o ṣe èyí, kódà bí o kò bá ṣe òmíràn.

Ìyẹ́ apá ni kí o gbà, èyí tó gùn tó sì le, kì í ṣe ti àyà. Ìdí rẹ̀, níbi tó ti wọ inú ẹran, ló nihò tó sì mọ́ bí èékánná. Ẹ̀yìn Kérésìmesì tó kọjá ni mo gba mẹ́jọ lọ́wọ́ ìyàwó àbúrò mi. Mo kọ́kọ́ gé ọ̀kan bẹ́ẹ̀ ní gbígbẹ, ó là sí méjì lọ́wọ́ mi. Mo wá rẹ àwọn yòókù sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ààbọ̀ wákàtí, mo gbé wọn lé pákó, mo fi réésà yí wọn gé díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yí sìgá. Bí o bá yọjú wo inú rẹ̀, wàá rí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó to léra bí èèpo àlùbọ́sà gbígbẹ. Fi wáyà tí o tẹ̀ lórí fà á jáde. Gbogbo rẹ̀ á yọ lẹ́ẹ̀kan bí o bá ṣe sùúrù. Ohun tó máa kù lọ́wọ́ rẹ ni túùbù tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 4, tó fẹ̀ tó mílímítà 3 tàbí 4, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó ohun tí ọwọ́ ń gbọ́. Kùn ún ní kútẹ̀ẹ̀sì ẹ̀ẹ̀mejì, jẹ́ kí àkọ́kọ́ gbẹ kí o tó kun èkejì. Kí o sì fi òwú wé etí rẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú gúlù díẹ̀ kí okùn má baà là á. Bí o bá fẹ́ so irun mọ́ ọn, ki sípóòkù kẹ̀kẹ́ sínú rẹ̀ kí òwú má baà tẹ̀ ẹ́ fọ́. Kò lè pẹ́ bí ike, ẹja mẹ́ta ni mo sábà ń rí lórí ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní ìdájí, nígbà tí omi bá parọ́rọ́, tí o jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúoró, kì í yára rì, irun rẹ̀ á sì máa rọ̀ sísàlẹ̀.

Rọ́bà ìdí kò le rí. Rọ́bà fáàfù kẹ̀kẹ́ tí àwọn fọkanáísà ń tà ló dára jù. Túùbù dírípù náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí o ra tuntun lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì; èyí tí wọ́n ti lò nílé ìwòsàn, má fọwọ́ kàn án. Mílímítà 8 ti tó: ìdajì rẹ̀ lórí túùbù, ìdajì yòókù fún ojú ìwọ̀.

Irun ni ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí rẹ̀ jù. Lókè òkun, ìrù àgbọ̀nrín wọn ni wọ́n fi ń kọ́ ènìyàn, nítorí pé ó le díẹ̀, ó sì ń dúró fúnra rẹ̀. A kò nílò rẹ̀. Ohun méjì ni mo fẹ́ kí o wá: irùngbọ̀n òbúkọ àti àtáṣímẹ́ǹtì tí àwọn onídìrí ń lò.

Gba àtáṣímẹ́ǹtì ṣáájú, nítorí òun ló yá. Ajẹkù tó wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù onídìrí lálẹ́ Sátidé tó láti so fláì ọdún kan. Kì í mu omi, nítorí náà kì í wúwo nígbà tí o bá ń jù ú, gbogbo àwọ̀ ló sì wà. Àléébù rẹ̀ ni pé bó ṣe nípọn ní ìdí náà ló nípọn ní orí. Irun ẹranko kò rí bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ máa ń tín-ín-rín ju ìdí lọ, ibi tín-ín-rín yẹn ló sì ń mì nínú omi kódà nígbà tí o kò fà á. Bí o bá fi sísọ́ọ̀sì gé àtáṣímẹ́ǹtì lórí, yóò rí bí ìgbálẹ̀. Ìka ni kí o fi máa já a díẹ̀díẹ̀, kí gígùn wọn má bá ara wọn mu. Bí ó bá sì gùn jù, yóò máa lọ́ mọ́ ìwọ̀. Má jẹ́ kí ó kọjá ẹ̀yìn ìwọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ.

Irùngbọ̀n òbúkọ àti irun gígùn tó wà ní ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo ń lò. Àsìkò Iléyá ni mo máa ń kó tọdún kan jọ. Àgbò ni gbogbo ayé ń wò nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ló ń pa òbúkọ pẹ̀lú, kò sì sí ẹni tó bìkítà nípa irùngbọ̀n rẹ̀. Wá alápatà lọ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí o sọ fún un pé kí ó gé e fún ọ kí wọ́n tó fi iná sun awọ. Bí iná bá ti kàn án, ó parí. Òórùn rẹ̀ le. Ọṣẹ ìfọrun ni kí o fi fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, má lo ọṣẹ dúdú, ó le jù fún irun. Sá a síbi òjìji. Di i ní ìdì kéékèèké, kí o kó o sínú ike tó ní ìdérí, pẹ̀lú káńfọ̀ kan, nítorí kòkòrò máa ń jẹ ẹ́. Nígbà tó bá di ọjọ́ kẹta Iléyá, tí ẹṣin bá ti pé sí Ojúde Ọba, bá àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin sọ̀rọ̀ dáadáa, kí o bẹ̀ wọ́n fún irun tó já sára búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń ya ìrù. Ó le, kò sì ń mì, ṣùgbọ́n mẹ́rin tàbí márùn-ún lábẹ́ irun òbúkọ ni yóò gbé e dúró kí ó má baà lẹ̀ mọ́ túùbù bí aṣọ tó rẹ. Irun ìrù màálù ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ṣe ìdánwò yìí kí o tó so ohunkóhun. Bu omi sínú abọ́ funfun. Mú irun òbúkọ bí ogún fọ́nrán, so ó mọ́ orí abẹ́rẹ́ ńlá kan. Mú àtáṣímẹ́ǹtì bí ogún, so ó mọ́ òmíràn. Rì wọ́n bọ omi, fà wọ́n pọ̀ bí ìbú ọwọ́ kan, kí o dúró. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ọwọ́ rẹ ti dúró. Ti àtáṣímẹ́ǹtì á dúró nígbà tí o dúró. Ti òbúkọ á tún ṣí, á fẹ̀ díẹ̀, á sì padà pa pọ̀, bí ẹja tó ń mí. Ìṣẹ́jú àáyá kan yẹn ni ẹja tó ba sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé ń dúró dè. Èmi a máa fi àtáṣímẹ́ǹtì sí abẹ́, kí ara rẹ̀ lè ga, kí n wá fi irun òbúkọ bò ó lókè. Díẹ̀ ni kí o máa fi sí i. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń di irun púpọ̀ jù. Bí o bá gbé fláì sókè sí ìmọ́lẹ̀ tí o kò rí òdìkejì, yọ ìdajì kúrò.

Ìyẹ́ rọrùn. Ìyẹ́ ọrùn àkùkọ ìbílẹ̀ ni kí o wé sí iwájú bí kọ́là, ó le, ó sì ń ti omi. Hùhù tó wà lábẹ́ ìyẹ́ tòlótòló ni èyí tí wọ́n ń tà lówó gọbọi lókè òkun pẹ̀lú orúkọ ẹyẹ mìíràn, tòlótòló náà sì ni. Ìyẹ́ ẹtù tó ní tótòtó dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn fláì, ó ń jọ ìpẹ́. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, má bá ọdẹ dúnàádúrà ìyẹ́ agbe tàbí ti àlùkò. Lóòótọ́ agbe ló laró, àlùkò ló losùn, ṣùgbọ́n igbó tí wọ́n ń gbé ti ń tán, wọn kò pọ̀ mọ́ bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Àwọ̀ pupa tó wà lápá àlùkò tilẹ̀ máa ń ṣàn jáde bí ó bá kan omi ọṣẹ. Adìẹ funfun ni kí o pa láró.

Ibi àwọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ba nǹkan jẹ́. Wọ́n á gbé ìyẹ́ lọ sọ́dọ̀ aláró, wọ́n á kì í bọ ìkòkò tí kọ́sítíìkì sódà wà nínú rẹ̀. Òwú ló lè fara da ìyẹn. Irun àti ìyẹ́ kì í ṣe òwú. Ẹ̀yà ara ẹran ni, kọ́sítíìkì yóò sì jẹ ẹ́ títí tí yóò fi rọ̀ bí ẹ̀kọ. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni ohun kíkan. Ra àwọ̀ tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń pò mọ́ ṣúgà, pò ó mọ́ omi gbígbóná, fi fínígà ṣíbí ọbẹ̀ méjì sí lítà omi kan. Fi ọṣẹ fọ ìyẹ́ ṣáájú kí òróró ara rẹ̀ kúrò, rì í bọ inú omi àwọ̀ náà ní tútù, jẹ́ kí ó wà lórí iná kékeré fún ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n. Kò gbọdọ̀ hó. Omi inú ìkòkò á mọ́ díẹ̀díẹ̀ bí ìyẹ́ ṣe ń mu àwọ̀, wàá rí i kedere.

Àwọ̀ wo? Bí Ọ̀ṣun bá ti gbé ẹrẹ̀ wọ ọ̀sà lásìkò òjò, dúdú, pẹ̀lú àwọ̀ ọsàn díẹ̀. Nínú omi tó dọ̀tí, òjìji fláì ni ẹja ń rí, dúdú ló sì ní òjìji tó hàn jù. Bí ọyẹ́ bá dé tí omi mọ́, funfun, àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn, àti ohun dídán díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Fún ohun dídán, òwú tí àwọn ahunṣọ ń fi sí aṣọ òkè ti tó, fọ́nrán mẹ́rin, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òwú ìsọ náà kò jìnnà: èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ń fi ẹ̀rọ ya sí ọrùn agbádá ni kí o bẹ̀ wọ́n fún, ó tín-ín-rín ju òwú aránṣọ lásán lọ. Fi ìda oyin pa á kí ó lè di nǹkan mú. Kútẹ̀ẹ̀sì aláìláwọ̀ ni kí o fi pa orí rẹ̀ dé.

Ó wá ku ìwọ̀. Má ra èyí tí wọ́n ń kó tà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún fún okùn gígùn. Púpọ̀ nínú wọn rọ̀, ọrùn wọn sì gùn jù. Wá èyí tí ọrùn rẹ̀ kúrú, tí ojú rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan kí ó lè wọ inú rọ́bà, tí ẹnu rẹ̀ kò sì yà sí ẹ̀gbẹ́. Nọ́ńbà 2 tàbí 1/0 ló bá ẹja tí o ń wá mu. Rántí pé láti 1 sísàlẹ̀, bí nọ́ńbà ṣe ń pọ̀ ni ìwọ̀ ń kéré: 6 kéré sí 2, ṣùgbọ́n 2/0 tóbi ju 1/0 lọ. Ẹlẹ́nu kan ni kí o rà. Ẹlẹ́nu mẹ́ta á kó gbogbo ewé Ìwópin wá fún ọ. Ti ẹlẹ́nu kan, o lè yí i nínú rọ́bà kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, yóò sì máa gba àárín ewé kọjá, bóyá ìkẹta tìrẹ kò bá má há. Gbé ẹnu ìwọ̀ lé èékánná àtàǹpàkò rẹ ṣáájú kí o tó sanwó. Bí ó bá yọ̀ lọ, ó ti kú. Bí ó bá dúró tó gún un, mú un.

Láàárín ìwọ̀ àti okùn, fi wáyà ìpẹja tẹ́ẹ́rẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15 sí i, nítorí eyín yẹn máa já náílọ̀n. Wáyà náà ni yóò gba inú túùbù kọjá.

Mẹ́ta ni kí o so lọ́sẹ̀ yìí: ọ̀pá bíró méjì, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun, àti ìyẹ́ tòlótòló kan. Fi eríà rédíò sílẹ̀ di ìgbà tí ọwọ́ rẹ bá ti mọ́ jíjù. Fi pìláyà tẹ ẹ̀gún kékeré ẹnu ìwọ̀ mọ́lẹ̀ kí o tó lọ, kí o sì mú pìláyà náà dání wọ ọkọ̀. Ẹja yẹn kò ní jẹ́ kí o fi ìka yọ ìwọ̀ lẹ́nu òun.